Ètò Tí Kì Í Sọ Pé Òun Kò Mọ̀

Bí àlejò bá wọ Ilé Ewéko tó wà ní Édéa, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, ohun àkọ́kọ́ tí Dókítà Hiol, ọ̀gá ibẹ̀, máa ń fi hàn án kì í ṣe àwọn igi ràbàtà tó wà lẹ́yìn ilé, kì í sì í ṣe odò Sanaga tí ariwo rẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé. Wandji ló máa ń fi hàn án. "Ẹ wá wo ọmọ wa," ni yóò wí, á sì mú àlejò gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí yàrá fọ́tò, níbi tí Wandji ti jókòó tẹ̀ba sídìí kọ̀ǹpútà kan tí bọ́tìnnì rẹ̀ mélòó kan ti bọ́ dànù, tí ẹ̀pà yíyan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀. Wandji á dìde, á rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì ní mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ sí.

Ọmọ Bamileke ni, láti òkè Bafoussam, àwọn Bassa onílẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kì í sì í jẹ́ kó gbàgbé. Bó bá ra ẹja lọ́sàn-án, wọ́n á ní ó ti ń ronú bí yóò ṣe tún un tà kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ìta, àwọn kan náà ló ń fi í fọ́nnu. Ẹni tó sì ń fọ́nnu jù nínú wọn ni Ngo Yetna, obìnrin tó jẹ́ olórí yàrá fọ́tò, torí òun ló mọ irú ìyà tí Wandji yọ òun kúrò nínú rẹ̀.

Ewéko gbígbẹ ló kún inú àwọn kọ́bọ́ọ̀dù ilé náà. Wọ́n lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ páálí funfun, wọ́n sì kọ orúkọ ewé àti orúkọ ẹni tó já a sí ìsàlẹ̀. Àwọn kan ti wà níbẹ̀ láti ayé àwọn Jámánì. Lára páálí kọ̀ọ̀kan ni àmì onílà wà, bébà pélébé tó ní ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ àti ìlà dúdú gbọ̀ngbọ̀n, irú èyí tó máa ń wà lẹ́yìn páálí mílíìkì ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ìlà yẹn ni nọ́ńbà ewé náà. Ngo Yetna á tẹ́ páálí sábẹ́ kámẹ́rà, á fi rúlà dúdú-àti-funfun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹni tó bá wo fọ́tò lè mọ bí ewé náà ṣe tóbi tó, á wá ya á. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ò mọ ewé kankan. Orúkọ tirẹ̀ ló ń sọ fọ́tò, ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì, bí ẹni ń ka òkúta. Ẹnì kan ní láti ṣí fọ́tò kọ̀ọ̀kan, kó ka nọ́ńbà inú rẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí orúkọ. Ngo Yetna ṣe iṣẹ́ yẹn títí ojú rẹ̀ fi ń sun omi bí ẹni gé àlùbọ́sà.

Ìgbà òjò tí Wandji dé ni gbogbo rẹ̀ yí padà. Ó wo obìnrin náà fún ọjọ́ mélòó kan, ó wá lọ jókòó, ó sì kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń wọnú fọ́tò lọ, tó ń wá àmì onílà níbikíbi tó bá wà, tó ń kà á, tó sì ń fi sọ fọ́tò lórúkọ. Kò tán síbẹ̀. Ètò náà tún ń tẹ bébà jáde, tó ń sọ kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n á dá páálí kọ̀ọ̀kan padà sí. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan di iṣẹ́ àárọ̀ kan. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, Ngo Yetna lọ sílé, ó se ọbẹ̀ dúdú mbongo pẹ̀lú ẹja ńlá, ó dì í pẹ̀lú miondo, pákí tí wọ́n fi ewé wé sè, ó gbé e wá fún un. Wandji jẹ ẹ́ tán, ó lá inú abọ́ mọ́.

Báyìí ni wọ́n wà tí ọ̀rọ̀ owó fi dé. Àwọn àjọ kan láti òkè òkun fẹ́ ran ilé náà lọ́wọ́ láti ya fọ́tò gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù, títí kan àwọn èso tó wà nínú ìgò. Ohun kan péré ni wọ́n béèrè: kí wọ́n dán ètò bíi mélòó kan wò lórí fọ́tò kan náà, kí wọ́n yan èyí tó dára jù, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀.

"Kí ni a tún fẹ́ dán wò?" Dókítà Hiol bi wọ́n ní ìpàdé. "Ngo Yetna, kọ ọ́ pé a wo mẹ́ta, ti Wandji ló dára jù. Ká lọ jẹun."

Ngo Yetna ti ń wá bírò nígbà tí Wandji sọ̀rọ̀.

"Dókítà, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dán an wò lóòótọ́."

"Ẹ̀rù ò bà ọ́?"

"Ẹ̀rù ń bà mí dáadáa. Ṣùgbọ́n gbogbo yín ti ń yìn ín látọjọ́ yìí, kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi gan-an ò yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe yẹ."

Dókítà wò ó bí ẹni pé ó ń sọ èdè míì. Lẹ́yìn náà ló yọwọ́. "Ó dáa. Ngo Yetna, ìwọ lo máa ṣe é. Má ṣàánú ẹ̀ o, torí òun ló béèrè."

Ngo Yetna ò sì ṣàánú rẹ̀. Ó fẹ́ kí ìyìn tí Wandji máa gbà jẹ́ ìyìn tí ẹnikẹ́ni ò ní lè jà níyàn, nítorí náà ló ṣe wá àwọn fọ́tò tó le jù láàárín àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Ó mú àwọn tí àmì wọn dorí kodò, àwọn tí gọ́ọ̀mù ti sọ di pupa rúsúrúsú, àwọn tí ọ̀rá bò tí iná kámẹ́rà fi ń kọ mọ̀nà lára wọn, àti páálí tó ní àmì méjì torí ewé méjì ló wà lórí rẹ̀. Ó tún fi àwọn mélòó kan kún un tí kò ní àmì tó hàn rárá: àmì wọn ti já bọ́, tàbí kí ewé gbòòrò bò ó mọ́lẹ̀. Ó fi ojú ara rẹ̀ ka gbogbo wọn kó tó fún ẹnikẹ́ni, kò sì sọ fún Wandji irú èyí tó kó jọ.

Bó ṣe ń ṣe èyí ni Tata Bikoi ń wò ó láti ojú fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú.

Tata Bikoi ló já èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ewé tuntun ilé náà. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kò sí àárọ̀ tí kò ní wá, á gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún, á jókòó sórí àga onígi tó wà níta. Kì í wọlé mọ́. Ó ti rí ewé kékeré kan nígbà kan lára àpáta tí omi Sanaga ń ta sí, òdòdó rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò, kò sì sí ẹni tó tíì rí irú rẹ̀ níbòmíì. Ó gbé e wá, wọ́n gbà á, inú gbogbo ènìyàn dùn. Ìgbà tí àwọn onímọ̀ dé láti Yaoundé láti wá wò ó ni wọ́n wá a títí tí wọn ò rí i, wọn ò rí páálí, wọn ò rí fọ́tò. Dókítà Hiol, tí ojú ń tì níwájú àlejò, sọ pé bóyá Tata tún mú ewé náà padà, tó gbàgbé rẹ̀ sínú àpò oko rẹ̀, pé ọjọ́ ogbó ti dé. Bàbá náà dìde. Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde, láti ọjọ́ náà ló ti fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ṣe ibùjókòó.

"Ngo Yetna," ó pè é láti ojú fèrèsé, "ṣé ìdánwò ọmọ Bafoussam lò ń ṣètò?"

"Òun ni, Tata."

"Jẹ́ kó le o. Tó bá yege, wọ́n á sọ pé Bassa ló kọ́ ọ."

Ọjọ́ ìdánwò, gbogbo wọn pé sí yàrá fọ́tò láàárọ̀, kí iná tó lọ. Ètò mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ wò. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan tó ń tà á, ẹni tó ń bá wọn tà á sì wà lórí fóònù, ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn. Ìkejì jẹ́ ọ̀fẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé irú tiwọn ní ìlú oríṣiríṣi ló para pọ̀ kọ ọ́, tí wọ́n gbé e síta kí ẹni tó bá wù lè mú un. Ìkẹta ni ti Wandji.

Ti ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi fọ́tò ránṣẹ́ gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì kó tó lè kà á, íńtánẹ́ẹ̀tì Édéa sì ní ìwà tirẹ̀. Àmì roboto kan kàn ń yí lójú kọ̀ǹpútà ni.

"Ṣé ó ti ń yí?" ọkùnrin náà béèrè lórí fóònù.

"Ó ń yí," ni Ngo Yetna dáhùn.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣé ó ti dúró?"

"Ó ṣì ń yí. Ẹ̀yin ẹ má dúró, ẹ lọ jẹun."

Ètò náà kà wọ́n nígbẹ̀yìn, ó sì kà wọ́n dáadáa, àmọ́ gbogbo wọn ti gbà pé bí wọ́n bá fi irú èyí ka gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ wọn ló máa parí ẹ̀.

Ètò ọ̀fẹ́ kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ń lọ jẹ́jẹ́, bí arúgbó tó ń gun òkè, ó ń dúró, ó tún ń lọ. Ó ka èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó ya àwọn fọ́tò bíi mélòó kan sọ́tọ̀, ó sì kọ sábẹ́ wọn pé kò dá òun lójú, kí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

"Ọ̀lẹ ni," Dókítà Hiol wí.

Ó wá kan ti Wandji. Ẹ̀pà tó kó sẹ́nu ò tíì kúnná tí ètò náà fi parí. Fọ́tò kọ̀ọ̀kan ló kà: èyí tó dorí kodò, èyí tí gọ́ọ̀mù bà jẹ́, èyí tó ń kọ mọ̀nà. Kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Dókítà Hiol gbá Wandji lẹ́yìn, ó sì ti ń fa fóònù yọ láti pe ẹnì kan ní Yaoundé. Inú Ngo Yetna dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe.

Wandji nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí fún Ngo Yetna, "ṣé gbogbo fọ́tò tẹ́ ẹ kó síbí ló ní àmì?"

Orí Ngo Yetna wú. Ìdùnnú ò jẹ́ kó rántí. "Rárá," ó dáhùn. "Mélòó kan wà níbẹ̀ tí kò ní."

"Kí ló wá kà nínú wọn?"

Ariwo inú yàrá lọ sílẹ̀. Wandji ṣí ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò náà. Ewé ńlá kan ló wà níbẹ̀, gọ́ọ̀mù gbígbẹ ló sì kù níbi tí àmì rẹ̀ ti já bọ́. Nọ́ńbà wà lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ó ṣí òmíràn, nọ́ńbà kan náà ni. Ó ṣí ìkẹta, nọ́ńbà yẹn náà ni. Ó tẹ nǹkan kan tó ń mú kí ètò rẹ̀ fi ìlà pupa yí ohun tó kà ká, ìlà pupa sì fara hàn. Kò yí ewé ká. Rúlà ló yí ká, rúlà dúdú-àti-funfun tí Ngo Yetna máa ń fi sí ẹ̀gbẹ́ páálí.

"Rúlà ló kà," Wandji wí. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, ó fọwọ́ bo ojú. "Ẹ wo ọmọ mi! Kò rí ìwé kà, ó bá ka rúlà!"

Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ bóyá kí àwọn náà rẹ́rìn-ín.

"Nọ́ńbà tó rí nínú rúlà kúrú," ó ń ṣàlàyé lọ, ìtìjú ò sì sí lójú rẹ̀, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ẹlòmíràn ni. "Èmi ni mo sì kọ́ ọ pé bí nọ́ńbà bá kúrú, kó fi òdo kún iwájú rẹ̀ títí yóò fi gùn tó tiwa. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́, ó máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ọjọ́ tí ẹnì kan kì í wá bá mi pé fọ́tò báyìí ṣẹ́ kù. Mo wá sọ fún un pé kó máa wá títí yóò fi rí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gba ọ̀rọ̀ 'n ò mọ̀' kúrò lẹ́nu ẹ̀."

Ngo Yetna mọ ẹni tó máa ń wá bá a pé fọ́tò ṣẹ́ kù. Òun fúnra rẹ̀ ni.

Dókítà Hiol ti ilẹ̀kùn. "Ẹ gbọ́," ó wí ní ohùn ìsàlẹ̀, "fọ́tò mélòó nìyẹn? Nínú bí wọ́n ṣe pọ̀ tó? Ẹ jẹ́ ká yọ wọ́n kúrò nínú ìdánwò yìí, ká tún un ṣe wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò sí ẹni tó máa béèrè."

"Dókítà, tó bá ka rúlà lónìí, ó ti ń kà á látọjọ́ tó ti wà láyé nìyẹn. Bébà tí ètò mi ń tẹ̀ la sì fi ń dá páálí padà sí kọ́bọ́ọ̀dù."

"Tí nọ́ńbà kan bá jáde lẹ́ẹ̀mejì, ṣé a ò ní mọ̀?"

Ngo Yetna ló dáhùn ìyẹn. "A ò ní mọ̀, Dókítà. Ẹ̀ẹ̀mejì la sábà máa ń ya ewé kan. Tí nọ́ńbà bá tún jáde, a ó gbà pé fọ́tò kejì ni." Ó tẹjú mọ́ nọ́ńbà tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Ó kéré gan-an, ó sì mọ̀ pé ayé àwọn Jámánì ni irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ti wá. "Mo mọ kọ́bọ́ọ̀dù tí èyí wà," ó wí. "Ewé ara ọ̀pẹ kan ni. Kò sí ẹni tó ń béèrè rẹ̀."

Kò dúró gba àṣẹ. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, Wandji tẹ̀ lé e, àwọn yòókù tẹ̀ lé wọn, títí kan Dókítà tó ṣì di fóònù mú. Kọ́bọ́ọ̀dù náà wà ní ìpẹ̀kun yàrá, ó ń rùn fún òórùn kánfọ̀. Ó yẹ kí bébà ńlá tí wọ́n fi wé ewé náà fẹ́lẹ́, torí páálí kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Bí Ngo Yetna ṣe fà á jáde, ó wúwo débi pé ó ní láti fi ọwọ́ méjèèjì gbé e.

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Òkè pátápátá ni ewé Jámánì wà, ó ti pọ́n bíi tábà. Abẹ́ rẹ̀ ni ewé àjèjì wà, abẹ́ ìyẹn ni òmíràn. Ẹ̀ka kọfí kan wà níbẹ̀, koríko etí odò wà níbẹ̀, àti ẹ̀gún kan tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ti Douala wá wò, tí kò rí i, tó fi sunkún lọ sílé. Wọ́n wà níbẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n pe orúkọ òun. Ngo Yetna ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ewé tó wà níwájú rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò lọ. Òdòdó rẹ̀ mẹ́ta ti ṣá díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ àlùkò ṣì wà létí wọn. Àpòòwé kékeré tí wọ́n kó èso rẹ̀ sí ti ṣí wálẹ̀, ó bo àmì onílà rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi yíǹkì dúdú kọ orúkọ Bikoi sí.

Wandji rí i. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí, lórí símẹ́ńtì, ó tẹjú mọ́ orúkọ náà. Ngo Yetna rò pé àwáwí ló ń wá. Òun náà ti bá a rí ọ̀kan: àpòòwé ló bo àmì, ẹni tó lẹ àpòòwé ló jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n nígbà tí Wandji dìde, ohun tó béèrè ni pé, "Ṣé Tata ti dé lónìí?"

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀," ni Dókítà Hiol wí. "Irú ọ̀rọ̀ báyìí, ó ní bí wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀."

"Èmi ni mo bà á jẹ́, Dókítà." Wandji tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ páálí náà, ó gbé e, ó sì ń lọ.

Tata Bikoi wà lórí àga rẹ̀. "Wandji," ó wí, "kí lo gbé dání bí ẹni gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ? O ò yege ni?"

"N ò yege, Tata." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé páálí náà sórí orúnkún bàbá náà.

Bàbá náà ò fọwọ́ kàn án. Ó gbé fìlà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó tẹ̀ síwájú, ó wò ó.

"Àwọ̀ ẹ̀ ti ṣá," ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ. Kò sì dà bíi pé ẹnì kan ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ibo lo wà látọjọ́ yìí?"

"Àárín ewé ara ọ̀pẹ ló wà, Tata. Ètò mi ló ka ohun tí kì í ṣe nọ́ńbà bíi nọ́ńbà, òun ló rán an lọ síbẹ̀. Wọ́n dá yín lẹ́bi, èmi ni ẹ̀bi náà tọ́ sí. Ẹ dákun."

Tata Bikoi gbé ojú sókè. "Ta ló rí i pé ètò rẹ ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ẹnì kan ti fura kó o tó wò ó?"

"Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un ni," Ngo Yetna gbà á sọ. "Òun ló dá wa dúró, Tata. Ká ní kò sọ̀rọ̀ ni, kò sí ẹni tó máa mọ̀ láé."

Bàbá náà wo ọmọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó sì wò ó pẹ́. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mì. "Ẹ̀yin ará Bafoussam!" ó wí. "A mọ̀ pé ẹ mọ owó pa mọ́. Ta ló mọ̀ pé ẹ mọ ewé pa mọ́ tó báyìí!" Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń nu ojú, Ngo Yetna sì mọ̀ pé ẹ̀rín nìkan kọ́ ló mú omi ojú yẹn wá. Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, ó fọwọ́ kan èjìká Wandji. "Dìde. Gbé e wọlé, oòrùn ò dáa fún un."

Ó sì dìde tẹ̀ lé e. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti bá Dókítà Hiol, tó ti bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ tó ń nù ún láìnídìí.

"Tata, ọ̀rọ̀ tí mo sọ níjọ́sí. Kò yẹ kí n sọ ọ́. Ẹ forí jì mí."

"Ìjókòó mi tó wà nínú ilé ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, Tata."

"Ìwọ sì rọra kúrò lọ́nà kí n lọ jókòó."

Ìpàdé tí wọ́n fi yan ètò wáyé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Tata Bikoi wà níbẹ̀. Dókítà Hiol ò tíì fẹ́ jọ̀wọ́ ti Wandji. Ó ní tiwọn ni, Édéa ló ti jáde, kí Wandji tún un ṣe, kó má ka rúlà mọ́, ọ̀rọ̀ tán. Ngo Yetna náà fẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Ó dùn ún bí ẹni fẹ́ fi ọmọ fún alágbàtọ́.

"Wandji," ó bi í, "ṣé o lè kọ́ tìẹ pé kó máa sọ pé òun ò mọ̀?"

"Mo lè kọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n. Kò ju iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan lọ."

"Kí ló dé tá a fi máa wá mú tẹlòmíràn?"

"Torí èmi nìkan ni mo mọ inú tèmi. Ẹ wò ó, irú àṣìṣe báyìí wà níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ojú mi nìkan ló wà lára ẹ̀, ojú mi ò sì rí i. Ti àwọn tó kọ ètò ọ̀fẹ́ yìí, ojú púpọ̀ ló wà lára ẹ̀. Mo kà á látòkè délẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n, wọ́n mọṣẹ́!" Ojú rẹ̀ tàn bí ẹni tó ń ròyìn oúnjẹ àsè. "Kó tó gba nọ́ńbà kan, ó máa kà á láti ọ̀tún, á tún un kà láti òsì. Tí méjèèjì ò bá dọ́gba, á jù ú sílẹ̀. Ó ti wo gígùn ẹ̀, ó ti wo ibi tó wà. Ohun tá à ń pè lọ́lẹ̀ yẹn, ìṣọ́ra ni. Ká ní mo ti rí i nígbà tí mo ń kọ tèmi, ǹ bá ti jókòó sẹ́sẹ̀ wọn. Àti pé, tí mo bá kú ńkọ́?"

"Ẹnu ẹ!" Ngo Yetna kígbe.

"Tàbí kí wọ́n fún mi níṣẹ́ ní Douala."

"Ìyẹn burú ju kíkú lọ," Tata Bikoi wí.

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ló sì tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Ngo Yetna kọ ìpinnu wọn sílẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ó kọ pé ètò ọ̀fẹ́ ni wọ́n yàn, kì í ṣe torí pé ó ka fọ́tò tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n torí pé èyí tí kò mọ̀, ó ń sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ó kọ ọ́ pé ètò ilé wọn ló kà jù, ó sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, rúlà àti gbogbo rẹ̀. Dókítà Hiol ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó mí kanlẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Àwọn àjọ náà fèsì pé kò sí ilé míì tó sọ àṣìṣe ara rẹ̀ fún àwọn tó bẹ́ẹ̀ rí, owó sì dé.

Wọ́n tún gbogbo fọ́tò àtijọ́ kà. Àwọn ewé tó ṣìnà padà sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ ti Douala wá wo ẹ̀gún rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀rín ló bá lọ.

Nígbà tí wọ́n dé orí èso inú ìgò, ètò tuntun náà kò lè ka àmì wọn dáadáa, torí ara ìgò rí roboto, àwọn ìlà náà sì tẹ̀ mọ́ ọn. Ó ń ya wọ́n sọ́tọ̀, Ngo Yetna sì ń fi ojú kà wọ́n, kò ráhùn. Wandji ń wò ó. Ó lọ jókòó pẹ̀lú ẹ̀pà rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó kọ ohun kékeré kan tó ń tẹ́ àmì inú fọ́tò pẹrẹsẹ kí ètò náà tó kà á, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ètò. Lẹ́tà wọn dé láti ìlú kan tí yìnyín wà nílẹ̀ nígbà náà. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń wá irú rẹ̀, àwọn ti fi kún un, orúkọ Wandji sì ti wà láàárín orúkọ àwọn tó kọ ètò náà.

Ngo Yetna ka lẹ́tà náà sókè fún gbogbo yàrá. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ Wandji, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Èló ni wọ́n fún un?" Tata Bikoi béèrè láti orí ìjókòó rẹ̀.

"Wọ́n ní wọ́n dúpẹ́ ni, Tata."

"Ọpẹ́ owó Yúróòpù ni àbí ọpẹ́ fáráǹkì tiwa?"

Wandji ti dìde, kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ sí. Ngo Yetna ṣí ìkòkò tó gbé wá láti ilé, òórùn mbongo gba inú yàrá. "Ẹ fi ọmọ sílẹ̀ kó jẹun," ó wí, ó sì bu orí ẹja fún un.